Báwo ni ẹni tí ikọ̀ ń gbà tí wọ́n tún ń fi sílẹ̀ ṣe ń di akọ́nimọ̀ọ́gbá? Àlàyé lórí Ime Udoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀

Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ Ime Udoka nínú NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà, ségesège ni gbogbo rẹ̀ rí. Ní sáà 2003 sí 2004, ó gbá ìdíje 4 fún Los Angeles Lakers. Sáà tó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá. Ní 2005 sí 2006, ó gbá ìdíje 8 fún New York Knicks. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá fò sókè lójijì: ìdíje 75 fún Portland Trail Blazers, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lára àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ sí San Antonio Spurs, ó lọ sí Sacramento Kings, ó tún padà sí Spurs, ó wá tán. Sáà méje, ikọ̀ márùn-ún, ìdíje 316.

Nígbà tó máa fi di 2021, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní NBA, Boston Celtics tó ti gba ife ẹ̀yẹ 17 nígbà náà fi í ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń béèrè pé: bó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí ló dé tí kò fi rí ibi kan jókòó sí? Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n gbá, kí ni Boston rí lára rẹ̀?

Ìṣirò ló máa kọ́kọ́ là wá lóye. Ikọ̀ 30 ló wà ní NBA, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè ní agbábọ́ọ̀lù 15 lórí ìwé àdéhùn tó pé. 450 ni gbogbo àyè náà, fún gbogbo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá lágbàáyé. (Láti 2017, àwọn àyè mélòó kan tún wà fún àwọn tó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ikọ̀ ńlá àti ikọ̀ kékeré rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ láyé Udoka.) Lọ́dọọdún, ètò tí wọ́n ń pè ní draft, níbi tí àwọn ikọ̀ ti ń tò láti yan ọ̀dọ́ tuntun, ń kó èèyàn bí 60 wọlé. Ilé ò sì fẹ̀ sí i. Kí ẹni tuntun tó wọlé, ẹnì kan ní láti jáde, kì í sì í ṣe ìràwọ̀ ló ń jáde. Àwọn tó wà láti ipò kẹwàá sí kẹẹ̀ẹ́dógún nínú ikọ̀ ló ń jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹnì kẹtàlá nínú ikọ̀ kan àti ẹni tó jókòó sílé tó ń retí ìpè kéré gan-an. Nígbà mìíràn, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ò ju orúnkún ẹlòmíràn tó yẹ̀ lọ.

Udoka parí ní yunifásítì Portland State lọ́dún 2000. Ìlú Portland náà ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Akwa Ibom. Ní draft ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹni tí wọn ò yàn ní draft ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Rárá o. Ẹni tí wọ́n yàn, ikọ̀ kan ṣoṣo ló ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí wọn ò yàn, ikọ̀ èyíkéyìí ló lè pè é, bí wọ́n bá fẹ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ikọ̀ tó ná ohunkóhun lé e lórí, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò ká lára bí wọ́n bá lé e. Ẹni tí ikọ̀ fi ipò kìíní yàn lè gbá ìgbákúgbà fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n ṣì máa ní sùúrù fún un. Ẹni bíi Udoka ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Nípa bẹ́ẹ̀, ó wọ inú àwọn líìgì kéékèèké. Ní 2001, NBA dá líìgì tirẹ̀ sílẹ̀ fún irú wọn, ikọ̀ mẹ́jọ péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní D-League nígbà yẹn, tó di G League ní 2017. Udoka gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní Charleston, ibẹ̀ ni Lakers sì ti pè é.

Ìpè yẹn ló ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Láti ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní, ikọ̀ NBA lè fún agbábọ́ọ̀lù ní ìwé àdéhùn ọlọ́jọ́ mẹ́wàá. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí náà ló rí: ọjọ́ mẹ́wàá, tàbí ìdíje mẹ́ta bí ọjọ́ mẹ́wàá bá pé kí ìdíje mẹ́ta tó pé. Ikọ̀ kan náà lè fún un ní irú ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì ní sáà kan. Bí èkejì bá tán, wọn ò lè fún un ní ẹ̀kẹta. Wọ́n á fún un ní ìwé tó dé òpin sáà, tàbí kó máa lọ. Ìgbà tí èèyàn mẹ́ta fara pa pọ̀ ni ikọ̀ sábà máa ń rántí ìwé yìí. Bí ara àwọn mẹ́ta náà bá yá, àlejò á di ẹrù rẹ̀. Ó lè ti gbá bọ́ọ̀lù tó dára gan-an. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “ìdíje 4” tàbí “ìdíje 8” nínú àkọsílẹ̀ ẹnì kan, ẹ má ṣe yára sọ pé wọ́n dán an wò, ó kùnà. Àfìdípò ni wọ́n pè é wá ṣe, ó sì ṣe é tán.

Ọjọ́ kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní. Àwọn ìwé àdéhùn kan wà tí owó inú wọn kò tíì dájú. Ikọ̀ lè fà á ya nígbàkígbà, iye ọjọ́ tí ẹni náà ti lò nìkan ni wọ́n á sanwó rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 yẹn, gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ á di dídájú títí dé òpin sáà. Ẹni tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wà fún wákàtí 48 lórí ohun tí wọ́n ń pè ní waiver, kí ikọ̀ mìíràn lè gbé e tòun ti owó rẹ̀ bó bá wù wọ́n. Èyí ló fà á tí ìwé ìdágbére fi ń pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọdún. Spurs gba Udoka padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà kẹta tí agbábọ́ọ̀lù fi ń di alárìnkiri ni pàṣípààrọ̀, òun ló sì burú jù fún iyì ọkùnrin. Ní NBA, ikọ̀ lè fi agbábọ́ọ̀lù pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láì bi í léèrè. Bí ikọ̀ bá fẹ́ gba ìràwọ̀ tó ń gba owó ńlá, òfin lè béèrè pé kí owó àwọn tó ń lọ sún mọ́ owó ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n á wá kó àwọn tí owó wọn bá ìṣirò mu mọ́ ọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ láàárọ̀ pé òun ti di ara ìlú mìíràn, kí ikọ̀ tuntun náà fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì láì tíì wọ aṣọ wọn. Owó rẹ̀ ni wọ́n rà.

Èyí ló sì jẹ́ kí iye ikọ̀ máa yàtọ̀ láti ẹnu kan sí èkejì. Kevin Ollie, ẹni mìíràn tí wọn ò yàn ní draft, lo sáà 13 ní NBA láàárín 1997 àti 2010. Àwọn kan á ní ikọ̀ 11 ló gbá fún, àwọn kan á ní 12. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ó ti gbá fún Seattle, ó sì gbá fún Oklahoma City, ṣùgbọ́n ikọ̀ kan náà ni, ìlú ló pààrọ̀ ní 2008. Ish Smith ló gbá fún ikọ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn: ikọ̀ 13. Denver Nuggets ni ìkẹtàlá, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní 2023 pẹ̀lú rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Kí Smith tó dé, àwọn mẹ́rin ló jọ wà ní 12.

Kí ló wá dé tí ikọ̀ ṣì ń gba àgbà, nígbà tí ọ̀dọ́ pọ̀ nílẹ̀? Òfin kan wà tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù kì í sábà gbọ́ nípa rẹ̀. Owó tó kéré jù lọ tí ikọ̀ lè san ń ga sí i bí ọdún agbábọ́ọ̀lù ṣe ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́ nìkan ni ikọ̀ á máa gbà, torí àgbà á ti di ọ̀wọ́n. Nítorí náà, bí wọ́n bá gba ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún sáà kan ṣoṣo lórí owó tó kéré jù, iye tí wọ́n ń san fún ọlọ́dún méjì ni wọ́n ń kà sí ikọ̀ náà lọ́rùn. Líìgì ló ń san èyí tó kù. Àgbà ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ́, ìmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ní ti agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, sáà mẹ́ta ló fi ń ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń wá ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kiri bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù.

Níbi tí àyè bá ti há jù, wọ́n á jáde nílùú. Udoka gbá bọ́ọ̀lù ní Gran Canaria ní Spéìn, ó tún gbá ní ilẹ̀ Faransé. Ó sì gbá fún Nàìjíríà. Ní ìdíje àgbáyé ọdún 2006 ní Japan, Nàìjíríà na Serbia àti Montenegro 82 sí 75, wọ́n sì dé ipele ikọ̀ 16, níbi tí Jámánì ti fi àmì ẹyọ kan ṣoṣo lé wọn jáde, 78 sí 77. Dirk Nowitzki, ìràwọ̀ NBA, wà nínú ikọ̀ Jámánì yẹn. Kí ọdún náà tó parí, Udoka ti di ara àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ ìdíje ní Portland, ẹni ọdún 29 tí kò tíì gbá ju ìdíje 12 lọ ní NBA tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá, torí ibẹ̀ ni mo ti ní èrò tèmi.

Ẹ wo ohun tí irú ẹni yìí ń ṣe lóòjọ́. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ fún ètò ìgbábọ́ọ̀lù, ètò kan náà sì lè ní orúkọ mẹ́rin nínú ikọ̀ mẹ́rin. Ìràwọ̀ tó ti wà lójú kan láti ọdún mẹ́jọ mọ orúkọ kan. Àlejò tó dé lánàá gbọ́dọ̀ mọ gbogbo rẹ̀ kí ìdíje alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bó bá dúró síbi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á mú un jáde. Kò lè há orúkọ sórí. Ó ní láti mọ ìdí tí ẹni yìí fi ń sáré lọ sí igun, tí ẹni tọ̀hún fi ń dúró dígbò adènà. Lẹ́yìn náà, á jókòó sórí bẹ́ńṣì fún wákàtí méjì, á máa wò. Alẹ́ lẹ́yìn alẹ́ ló ń wo bọ́ọ̀lù láti ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń wò ó. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, Udoka sì ti rìn jìnnà dáadáa: ó ti rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń pariwo, ó ti rí èyí tí kì í sọ̀rọ̀, ó ti rí ikọ̀ tí yàrá ìmúra wọn tòrò àti èyí tó dà rú.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé ó mọ bó ṣe ń rí lára ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún. Nínú 15, márùn-ún ló ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún míì ló ń wọlé gan-an. Àwọn tó kù ń bínú, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́. Olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò mọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ á pàdánù ikọ̀ rẹ̀ kí ọdún tó dé ìdajì.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kì í sọ ẹnikẹ́ni di olórí lọ́gán. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá fídíò, wọ́n á máa gé àwòrán ìdíje sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ń bá ọ̀dọ́ ṣe ìdánrawò ṣáájú kí ikọ̀ tó dé. Ẹni tó bá ti di igbákejì gan-an, wọ́n á pín àwọn ikọ̀ alátakò láàárín òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: kálukú á ka tirẹ̀ tán, á sì wá ṣàlàyé fún ikọ̀ bí wọ́n ṣe máa dá wọn dúró. Gregg Popovich, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Spurs nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ kò gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí, gba Udoka ní igbákejì ní 2012. Ọdún méje ló lò níbẹ̀. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní 2014. Ní 2015, nígbà tí Spurs ń wá LaMarcus Aldridge, Udoka wà lára àwọn tó bá a sọ ọ́ tó fi gbà, nítorí wọ́n ti jọ gbá bọ́ọ̀lù ní Portland nígbà tí Aldridge ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Ó lọ sí Philadelphia ní 2019, ó lọ sí Brooklyn ní 2020, Boston sì pè é ní 2021.

Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Boston ni mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni ìrìnkiri ń ṣe fún akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ búburú: ìjáwé olúborí 18, ìfìdírẹmi 21, àwọn èèyàn sì ti ń kùn. Wọ́n parí rẹ̀ sí 51 àti 31. Nínú ìdíje ìyọkúrò tó ń tẹ̀ lé sáà, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ jáwé olúborí lẹ́ẹ̀mẹrin ti ń tẹ̀ síwájú, ikọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni Brooklyn tòun ti Kevin Durant, ìràwọ̀ wọn, ikọ̀ tí Udoka ti jẹ́ igbákejì wọn lọ́dún tó ṣáájú. Ó ti rí Durant nínú ìdánrawò lójoojúmọ́. Boston na Brooklyn 4 sí 0. Wọ́n na Milwaukee, tí ẹni kan tí ìtàn rẹ̀ jọ ti Udoka, Darvin Ham, jẹ́ igbákejì níbẹ̀: wọn ò yan Ham ní draft, ó gbá fún ikọ̀ mẹ́fà, ó gba ife pẹ̀lú Detroit ní 2004, ó di igbákejì, Lakers sì fi í ṣe olórí ní ọdún 2022 náà. Wọ́n na Miami ní ìdíje keje. Golden State Warriors, tí Steve Kerr jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, ló wá ṣẹ́gun wọn ní ìparí, 4 sí 2.

Kerr náà ti káàkiri: ẹnì kẹẹ̀dọ́ta ni wọ́n yàn án ní 1988, ikọ̀ mẹ́fà ló gbá fún. Tyronn Lue ń kọ́? Ikọ̀ méje. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ìràwọ̀ kan, Allen Iverson, gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ nínú ìdíje ní 2001. Ní 2016, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá Cleveland, Warriors tó ti jáwé olúborí ìgbà 73 lọ́dún yẹn ń na wọn 3 sí 1, Cleveland sì yí i padà tí wọ́n fi gba ife.

Mi ò wá sọ pé alárìnkiri nìkan ló lè ṣe é o. Erik Spoelstra ti Miami kò gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí. Yàrá fídíò ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ó sì gba ife ní 2012 àti 2013. Nick Nurse kọ́ bọ́ọ̀lù ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní D-League fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba ife pẹ̀lú Toronto ní 2019. Larry Bird jẹ́ ìràwọ̀ tòótọ́, ọdún mẹ́ta péré ló sì fi kọ́ Indiana tó fi gbé wọn dé ìdíje ìparí ní 2000. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ti jẹ́ àlejò nínú ikọ̀ márùn-ún ti kọ́ apá kan iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó sanwó rẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá sì rò pé ìrìnkiri náà tán lọ́jọ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe olórí, kó wo Ollie. Ó di olórí ní UConn, yunifásítì tó ti jáde, ní 2012, ó gba ife ẹ̀yẹ yunifásítì ní 2014. Ní 2018, wọ́n lé e. Ní 2024, Brooklyn ní kó bá wọn di ipò mú títí sáà fi parí, wọ́n sì wá ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí NBA bá lé ń gba owó tó kù nínú ìwé rẹ̀. Ẹni ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ò ní ìyẹn. Udoka fúnra rẹ̀ ò lò ju sáà kan lọ ní Boston. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Celtics dá a dúró fún gbogbo sáà nítorí pé ó rú òfin ilé iṣẹ́ wọn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Houston Rockets gbà á ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Ìdíje 22 péré ni wọ́n jáwé olúborí nínú 82 ní sáà tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ṣe 41 lábẹ́ rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́, 52 ní èkejì. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú ikọ̀ náà, ṣùgbọ́n lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lẹ́yìn tó dé ni Jeff Green, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife pẹ̀lú Ish Smith ní Denver. Ó ti lé ní ọdún 36 nígbà náà. Ikọ̀ 11 ló ti gbá fún. Bí ẹ bá sì ka Seattle àti Oklahoma City lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 12 ni.